Òkun Tí Alàgbà Sefnat Tì

Orúkọ mi ni Orpa. Nínú Bíbélì, Orpa ni ìyàwó tó fi ẹnu ko ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, tó sì yíjú padà sílé bàbá rẹ̀. Èmi ò yíjú padà o. Láti erékùṣù Batanta ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé mi wá sí Yensambe, ní etí erékùṣù Waigeo, nígbà tí gbogbo eyín mi ṣì pé, ọ̀dọ̀ Sefnat Mambrasar ni mo sì wà títí di òní. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, mò ń rí òkè ìlú bàbá mi lódìkejì omi. Omi yẹn nìkan ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi tí ènìyàn ń fojú kéré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: kò sí omi tó dà bíi tiwa. Òkun ńlá méjì ló ń gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín Waigeo àti Batanta kọjá, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi ariwo kí ara wọn. Bí ìṣàn bá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, tí o bá ju igi sí i, kí o tó ṣẹ́jú, igi náà ti di ti ará abúlé mìíràn. Inú ìṣàn yẹn ni oúnjẹ ẹja wà, ìdí nìyẹn tí ẹja fi pọ̀ débi pé wọ́n máa ń bo oòrùn mọ́ ẹni tó bá wà nísàlẹ̀. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọn a máa wá dúró jẹ́jẹ́ lórí àpáta kí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ lè bá wọn họ ara. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bo gbogbo ọ̀nà omi náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yí i ká. Àwọn àlejò ń ti ilẹ̀ òtútù wá, wọ́n á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á wọ inú omi lọ, wọ́n á jáde wá, wọ́n á máa sunkún. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó jókòó sí èbúté wa tó ń sunkún nítorí ẹja. Mi ò bá a wí. Èmi náà ti sunkún nítorí ẹja rí, àmọ́ ìgbà tí kò sí nínú ìkòkò ni tèmi.

Kí ìjọba tó mọ̀ pé a wà láyé la ti ń ti òkun. Sasi là ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn bá ti rọlẹ̀, gbogbo wa á wọ ọkọ̀, Alàgbà ìjọ á dúró sí iwájú ọkọ̀, á gbàdúrà, á sì dárúkọ ààlà méjì. Ohunkóhun tó bá wà láàárín ààlà méjèèjì ti di ti Ọlọ́run títí di ọjọ́ tí a ó ṣí i. Ẹnu tó tì í náà ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹni tó bá sọ ìwọ̀ sí ibẹ̀ kí ó tó ṣí, yóò dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ìtìjú yẹn a sì máa tọ ọmọ rẹ̀ dé ilé ọkọ. Láti ìgbà tí bàbá Sefnat ti kú ni Sefnat ti ń gba àdúrà yẹn. Ọkọ mi kò lówó, kò ga, kò mọ orin kọ. Iwájú ọkọ̀ yẹn nìkan ni ipò tó ní láyé, yàtọ̀ sí èmi.

Òkúta Pupa ló wà láàárín omi wa. Bí o bá ti ibẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn títí dé Erékùṣù Awun, ibẹ̀ ni àwọn ìgbín òkun wa wà, àwọn tí a tà kí a tó rí owó tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ibẹ̀ la máa ń tì. Bí o bá sì ti Òkúta Pupa kọjú sí ìwọ̀-oòrùn títí dé Ibi Ẹ̀gbà, iwájú ilé wa nìyẹn. Ibẹ̀ la ti ń fọ ìkòkò, ibẹ̀ la ti ń pa ẹja ọbẹ̀ àárọ̀, ibẹ̀ làwọn ìyá arúgbó ti ń he nǹkan bí omi bá fà. Kò sí ẹni tó ti ibẹ̀ rí. Ta ní í ti ilé ìdáná ara rẹ̀ pa?

Ọkọ mi ló tì í.

Mo ti ń rí i ṣáájú pé ọkàn Sefnat ń rìn gbéregbère. Ó máa ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Ó máa ń kúrò nílé lọ gbé àdá, á padà dé láìgbé àdá, á wá bi mí pé ta ló rán òun níṣẹ́. Mò ń fi ẹ̀rín bò ó. Lọ́jọ́ tí à ń ti òkun, ó wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó dúró síwájú ọkọ̀ bó ti ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì dùn. "Láti Òkúta Pupa," ó ní, "títí dé Ibi Ẹ̀gbà, Olúwa, a tì í, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Rẹ." Gbogbo ọkọ̀ dáhùn pé, "Àmín!" Àṣà ti sọ ẹnu wa di èyí tí í sáré ju etí lọ. Àmín ti jáde tán kí a tó gbọ́ ohun tí a ṣe é sí. Mo rí bí ojú àwọn obìnrin ṣe ń yí padà láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, kò ṣeé ṣà mọ́. Sefnat jókòó, ó nu ojú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí ó sùn, àwa obìnrin tí à ń mójú tó sasi pàdé lábẹ́ igi fúrúùtù. Olórí wa ni Mama Batseba, opó, ẹni tó ga, tí pinang, èso tí à ń jẹ lẹ́nu bí obì, ti sọ ẹnu ẹ̀ di pupa. Kò sí obìnrin tó lè rì wọ omi bíi tirẹ̀, kò sì sí ọkùnrin tó lè sọ pé ó bẹ òun rí, torí pé kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá.

Mince, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní fóònù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pe Pásítọ̀ ní ìlú Waisai. Wọ́n lè wọkọ̀ wá lọ́la, kí wọ́n gba àdúrà míì. Kí ló le ńbẹ̀?"

Mo mọ ohun tó le ńbẹ̀. Pásítọ̀ yóò bi wá léèrè ìdí. Bó bá ti gbọ́ ìdí, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Sefnat, wọ́n á fún un ní àga alápá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì fi ẹlòmíràn síwájú ọkọ̀. Mo mọ ọkọ mi. Orí àga yẹn ni yóò kú sí kí òjò tó tún rọ̀.

"Mince," ni Batseba wí, "ìwọ náà ṣe Àmín, àbí o ò ṣe é?"

"Mo ṣe é, Mama."

"O ṣe é dáadáa. Etí mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ṣé o wá fẹ́ lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni? Kí lo máa wí? Pé o ń ro ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀lù lọ́wọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Batseba ò rẹ́rìn-ín. "Ó ti tì. Ẹnu Alàgbà ló tì í, ẹnu wa ló fi èdìdì sí i. Ó tì nìyẹn."

"Kí la ó máa jẹ?"

"Ìlà-oòrùn la ó máa wakọ̀ lọ. Okùn àti ìwọ̀ nìkan o. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìgbín kan ṣoṣo níbẹ̀, tó ní Alàgbà ò dárúkọ ibẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ̀ ọ́."

"Mama, ìṣàn Òkúta Pupa ńkọ́? Ojoojúmọ́?"

"Ṣé wọ́n gé ẹ lápá ni?"

Wọ́n béèrè ibi tí wọ́n máa so màríwò àgbọn mọ́, torí òun la fi máa ń ṣàmì sí ibi tí a tì. Batseba ní kò sí màríwò lọ́dún yìí. Ẹni tó fetí gbọ́ ò nílò àmì, àwọn abúlé tó yí wa ká, òun á ránṣẹ́ sí wọn fúnra òun. Ìgbà náà ló wá wò mí. "Orpa, iṣẹ́ tìẹ ni ọkọ ẹ. Kò gbọdọ̀ sọ okùn síwájú ilé yìí. Bó bá sọ ọ́, gbogbo wa la máa rí i, a ò sì lè sọ pé a ò rí i."

Mo fẹ́ dúpẹ́. Ó tu itọ́ pinang sílẹ̀. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òkun là ń tọ́jú, kì í ṣe ọkọ ẹ."

Irọ́ ló ń pa, mo sì fẹ́ràn irọ́ náà.

Bó ṣe di pé àwọn obìnrin Yensambe ń fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ wá ọbẹ̀ lókèèrè nìyẹn. Láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á wakọ̀ kọjá lórí ẹja tí ń fò sókè níwájú ilé wọn, wọn ò ní wò ó, wọ́n á dojú kọ Òkúta Pupa, níbi tí ìṣàn ti ń gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá ń ro wọ́n. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bọ̀. "Ìwọ, ẹja tí o pa dà? Àbí o kàn lọ kí i ni?" Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú Sefnat lójú mi, mo sì ní etí tó mú, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nípa ọkọ mi, mo máa ń fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Òkun náà ò dákẹ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò fún nísinmi rí wá rí ìsinmi, ó sì yà wá lẹ́nu. Àwọn ẹja tó máa ń sá fún òjìji wa wá ń gbé abẹ́ èbúté. Àwọn ọmọ àkurákudà ń fi lẹbẹ dúdú ya omi lẹ́bàá etíkun bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn wo wọn títí ọbẹ̀ mi á fi jóná. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń fọ ìkòkò sínú omi yẹn, mi ò mọ̀ pé ọlá tó wà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi le ju ti àwọn tí ń wakọ̀ lọ. Mo gbé àjẹ̀ Sefnat pamọ́ sí àjà, ó rí i. Mo ní ọkọ̀ ń jò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò jò. Mo ní mi ò lè jẹ ẹja mọ́, pé inú ń run mí, papeda lásán, ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun igi sagu rò, la fi ń ṣe oúnjẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Orpa," ó ní, "ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú òkun?"

"Kí ni mo fẹ́ jowú òkun fún? Ṣé òkun ń sebẹ̀ fún yín ni?"

"Ó ń gbìyànjú," ó ní. "Ìwọ lò ń dí i lọ́wọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ gbé sagu lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà dé, àjẹ̀ ò sí, ọkọ̀ ò sí. Mo sáré dé èbúté. Sefnat ti wà láàárín omi iwájú ilé wa, ó jókòó nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ó ti fi oúnjẹ há ìwọ̀, ó ń tú okùn kúrò lára igi. Àwọn tó wà ní èbúté ti di òkúta. Àwọn obìnrin tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ti gbé àjẹ̀ wọn sókè, wọn ò wakọ̀ mọ́. Bí mo bá pariwo, mo ti tú àṣírí ọkọ mi fún un lójú gbogbo ayé. Bí mi ò bá pariwo, yóò rú sasi tí òun fúnra rẹ̀ tì, wọ́n á sì mú un dúró níwájú ìjọ. Ọwọ́ mi lọ sí ẹnu, ibẹ̀ ló dúró sí.

Ọkọ̀ Batseba ló ṣáájú. Mo rí i tó dìde dúró nínú rẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, àjẹ̀ igi líle tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ fún un kó tó kú, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pàápàá fọwọ́ kàn. Ó fi gbogbo agbára jù ú sínú ìṣàn. Omi gbé e, ó di dúdú kékeré, ó lọ.

"Yéè!" ni Batseba ké. "Alàgbà! Ẹ gbà mí o! Omi ń gbé mi lọ!"

Ohùn rẹ̀ ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ńṣe ló ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ń kọlù ènìyàn. Omi tó sì ní ó ń gbé òun lọ yìí, ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì dé inú rẹ̀, ó kàn wà lójú kan, ó ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀.

Sefnat wò ó. Ó wo ibi tí àjẹ̀ lọ. Ó wo ìwọ̀ ọwọ́ rẹ̀, tí omi ò tíì kàn. Ó wá ká okùn padà sára igi díẹ̀díẹ̀, ó wakọ̀ lọ bá a, ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

"Batseba, ìgbà wo ni ọwọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀?"

"Ọjọ́ ogbó ti dé, Bàbá."

"Ta ló dé bá?"

"Èmi náà ò mọ̀," ni Batseba wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ bá mi wá àjẹ̀ mi níwájú lọ́hùn-ún."

Wọ́n jọ kọjá Òkúta Pupa, wọ́n kúrò nínú ààlà. Wọn ò rí àjẹ̀. Ẹja tó tó ọbẹ̀ méjì ni Sefnat pa bọ̀ láti ọ̀hún, ó sì ń fọ́nnu pé òun gba opó là. Nígbà tí mo lọ bá Batseba nílé, ó ń fi àdá gé igi kan tí kò dára láti fi ṣe àjẹ̀ tuntun. Mo sunkún. Ó ní kí n lọ sunkún nílé mi, pé ilẹ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni.

Ọjọ́ tí a ó ṣí òkun wá dé. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, kò bà mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń rọbí. Pásítọ̀ ti wá láti Waisai, àwọn ẹ̀ṣọ́ òkun ti wá, àwọn ará abúlé mìíràn ti kó ọkọ̀ wọn wá. Bí Sefnat bá dárúkọ ìlà-oòrùn gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe látijọ́, ohun tí kò tì ló ń ṣí yẹn, iwájú ilé wa á sì wà ní títì. Gbogbo wọn á rí i pé orí Alàgbà ti dàrú. Mò ń de bọ́tìnì ẹ̀wù funfun mọ́ ọn lọ́rùn.

"Bàbá Hosea," mo fi orúkọ ọmọ wa pè é, "ẹ máa rántí o."

"Kí n rántí kí ni?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́. "Kí ẹ rántí jẹun tí ẹ bá dé."

Batseba ló darí ọkọ̀ ńlá. Ó ní kí wọ́n dúró gẹ́lẹ́ níbi Òkúta Pupa, kí ìlà-oòrùn wà lápá ọ̀tún, kí iwájú ilé wa wà lápá òsì. Èmi àti òun jókòó sẹ́yìn Sefnat. Ọkọ mi dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Láti Òkúta Pupa," ó ní. Ó dákẹ́.

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Pásítọ̀ wúkọ́. Omi ń lu abẹ́ ọkọ̀. Mo lanu láti sọ ọ́ sí i létí, Batseba fi èékánná gún mi nítan, mo pa ẹnu dé. Mo rí i pé àwọn kan láti abúlé mìíràn ti ń wo ara wọn.

"Olúwa," ni Sefnat wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sílé. "Ibi tí mo tì, ìwọ mọ̀ ọ́n. Èmi ò rántí ẹ̀ mọ́ dáadáa. Àmọ́ àwọn obìnrin yìí mọ̀ ọ́n. Mo rí wọn láràárọ̀, tí wọ́n ń kọjá níwájú ilé wọn lọ sínú ìṣàn. Wọ́n rò pé mò ń sùn. Ẹnì kan nínú wọn ò bú mi. Ibi tí wọ́n bá mi pa mọ́, Olúwa, òun ni kí o ṣí. Ṣí i fún wọn."

Àwọn tí Àmín wọn máa ń sáré ṣáájú àdúrà, wọn ò rí ohùn lò. Mince ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ni Àmín wá bẹ̀rẹ̀, ó ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì, kò yára rárá, ẹni kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ bí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn làwọn obìnrin bẹ́ sómi. Èmi náà bẹ́ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi.

Háà, ẹ̀yin ènìyàn. Mo la ojú nísàlẹ̀, ẹja bo ẹja. Àwọn aláwọ̀ ewé, àwọn abilà, àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn, wọ́n ń la àárín ẹsẹ̀ wa kọjá láìbẹ̀rù. Ìgbín òkun wà lára àpáta níbi tí a kì í ti í rí wọn. Ẹja pẹlẹbẹ kan tó gbòòrò gba orí wa kọjá, ó sì ṣú bí ìgbà tí àwọsánmà bá bo oòrùn. Ẹ̀rín ń pa mí nínú omi, iyọ̀ sì ń wọ mí lẹ́nu. Iwájú ilé ìdáná wa rèé.

Nígbà tí mo gbé orí sókè láti mí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá ni mo yọ sí. Gbogbo obìnrin ló ti wà nínú omi, àfi Batseba, ẹni tó máa ń ṣáájú gbogbo wa rì lọ́dọọdún. Ìgbì tí àwa tí a bẹ́ dá sílẹ̀ ń mi ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Sefnat ṣì dúró síwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Batseba kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ẹ̀wù funfun náà mú pinpin, iṣan apá rẹ̀ yọ. Àwọn tó wà níwájú, Pásítọ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn àlejò, wọn ò lè rí i. Alàgbà ìjọ Yensambe ni wọ́n ń wò, tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.